Ọkọ̀ Ogun Tí Wọ́n Fi Ọkọ́ Rọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìrè, ọdún tí ogun abẹ́lé ń jà, bàbá mi rọ ọkọ̀ ogun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Ìròyìn kàn wá pé ogun ti dé Òrè, pé bó bá fi lè ré Ọ̀wọ̀ kọjá, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ìbọn ọdẹ nìkan la sì ní. Bàbá mi bá ní kí wọ́n bá òun wọ́ lọ́rì agégẹdú kan tó ti kú sẹ́bàá ọ̀nà wá sí iwájú àgbẹ̀dẹ. Ó ní lédè wa, "Uṣẹ́ dé nìyẹn." Ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe títí tó fi dáhùn. Irin tí yóò fi bo ara rẹ̀ kí ọta má baà wọlé ni kò rí. Ló bá bẹ ìlú pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ wá.

Ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè! Wọ́n kó o wá náà. Ìyá mi mú tirẹ̀ wá, èyí tí bàbá rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Bàbá mi ṣèlérí pé bí ìjọba bá rí iṣẹ́ òun, wọn yóò fún òun ní irin, òun yóò sì rọ ọkọ́ tuntun fún gbogbo ilé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ó lu àwọn ọkọ́ náà pẹlẹbẹ, ó kàn wọ́n léra wọn mọ́ ara lọ́rì náà bí ìpẹ́ ẹja. Lọ́jọ́ tó wà á dé Òyè tó sì wà á padà, gbogbo ìlú ló jó.

Ọ̀gá ológun ìjọba kan tó wọ kákí wá wo ọkọ̀ náà. Ó fẹsẹ̀ gbá a, ó ní, "Bàbá, òyìnbó ló ń rọ ọkọ̀ ogun. Ẹ̀yin, ọkọ́ ni kí ẹ máa rọ."

Irin wo ni ká fi rọ ọkọ́? Aláìnítìjú! Síbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà lọ. Wọn ò fún wa nírin, wọn ò sì dá a padà.

Òjò dé. Igi tí a gbẹ́ lẹ́nu la fi kọ ebè lọ́dún náà, iṣu wa ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ebi pa wá. Àwọn tó jó níjọ́sí ló ń bú bàbá mi. Kò tún fọwọ́ kan lọ́rì títí tó fi kú.

Lónìí, òkè òkun ni ọkọ́ tí mo rà lọ́jà Ìkọ̀lé ti wá. Ebè mẹ́wàá péré, ó ká. Lánàá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì fi àwòrán ọkọ̀ ogun tí ìjọba rà hàn mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, àwa ò lè ṣe irú èyí láéláé."

Mo jágbe mọ́ ọn débi tó fi sunkún. Mo ní a ti ṣe é rí, ọkọ́ ìyá mi sì wà lára rẹ̀.