Òkè tí Kọ̀ǹpútà Rí

Ìyá mi ò bẹ̀rù olè, kò bẹ̀rù ejò. Omi nìkan ló ń já a láyà. Nígbà tí mo ṣì kéré, àgbàrá ya wọ ilé tá a rẹ́ǹtì nísàlẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi sì di ẹ̀kọ mọ́ wa lọ́wọ́. Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú, ìyá mi á ti dìde dúró.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó fẹ́ kọ́lé kékeré sínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ó pè mí. "Ìwọ tó ò ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì, bá mi wò ó, ṣé omi ò ní wọ ulé mi? Tó o bá ní kí n má kọ́ ọ, n ò ní kọ́ ọ."

Ẹrù rèé o! Lọ́dọ̀ wa, wọ́n lè fún ọ nílẹ̀, kí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ tẹlòmíì. Àárín oko, ibi gbalasa tá a ti máa ń sá kòkó, ni ẹbí fún ìyá mi. Kòkó àti obì tó yí i ká, àwọn àbúrò bàbá mi ló jogún wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àdá kàn án.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi. Mo wa ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì wọ̀n láti òkè jáde, mo kó o sínú ètò tá a fi ń ya máàpù. Ibi tó bá rẹlẹ̀ á yọ búlúù, ibi tó bá ga á yọ pupa. Àwọn àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́ yọ pupa rokoṣo. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ pe ọkọ mi kó wá wò ó.

Lẹ́yìn náà ni mo fà á dé oko wa. Àyà mi já. Kòtò búlúù kan ló wà láàárín, òkè yí i ká bíi ẹnu ìkòkò. Bí òjò bá rọ̀, ibo lomi náà fẹ́ lọ, bí kì í ṣe pálọ̀ ìyá mi?

"Ìrẹsì ń jó o!" ni ọkọ mi pariwo láti kíṣìnì. Mo ní kó jẹ́ kó jó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó ti yan ibi tí fèrèsé yàrá rẹ̀ máa kọjú sí?

Mo yí àwòrán náà bíi pé mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí òkè rẹ̀ lè yọrí dáadáa. Inú bá bí mi sí i. Òkè wo? Ibi tí mo ti ń ru kòkó láti kékeré, ìgbà wo ni mo gun òkè níbẹ̀ rí?

Ojú mi là. Sátẹ́láìtì ò rí ilẹ̀ abẹ́ kòkó, orí ewé ló ń wọ̀n! Ibi tí igi ò sí nìkan ló ti rí ilẹ̀, ló bá dà bíi kòtò. Ohun tí mo fi ń dá àwọn ọmọ láàmú nínú ìdánwò lọ́dọọdún nìyí o.

Síbẹ̀, n ò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́. Èmi àti bíríkìlà ìyá mi gbé rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n ń bu omi sí láti fi wo bí ilẹ̀ ṣe dọ́gba. Ó di etí kan mú, mo di ìkejì mú, a wọ̀n ọ́n láti ibi ìsákòkó títí dé etí odò. Ilẹ̀ náà ń rẹlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ ni, odò ló dorí kọ. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ṣé kò sí o?" ni bíríkìlà bi mí.

Mo gbé àwòrán náà lọ fún ìyá mi, mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ òkè náà yí ká.

"Ṣé igi ni gbogbo èyí?"

"Igi ni, Mọ́mì. Kò sí òkè kankan níbẹ̀."

Ó tún tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Oyún rẹ ni mo ní nígbà tí bàbá rẹ gbin àwọn igi yẹn. Èmi ni mo ń pọnmi sí wọn." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún. "Wọ́n ti wá ga débi tí wọ́n ń rí wọn láti ojú ọ̀run. Pe bíríkìlà, kó máa bọ̀."