Epo Pupa Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ̀ fún Ajá Tó Jẹ Májèlé

Ajá náà ń gbọ̀n, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, epo pupa sì ti kun gbogbo àyà rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, ọdún kẹta tí mo kúrò ní yunifásítì tí mo sì di dókítà ẹranko ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé Bọ́bì, ajá wọn, wá láti Ayépé.

"Kí lẹ fún un, mà?"

"Eégbọn ló bò ó, Dókítà. Mo fi oògùn kòkó wẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó ń gbọ̀n, mo rọ epo sí i lẹ́nu kó lè pa oró rẹ̀."

Inú bí mi. Oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sí igi kòkó ni ọlọ́jà kan bù tà fún wọn nínú ìgò ọtí, tó fi bébà dí i lẹ́nu, tí kò lẹ ìwé kankan mọ́ ọn, tí kò sì sọ iye omi tí wọn yóò fi là á. Oògùn yìí ń gba awọ ara wọlé. Èyí tó kù, ajá fi ahọ́n lá a kúrò lára. Epo tí gbogbo wa gbà pé ẹ̀rọ̀ ni ló tún wá bà á jẹ́, torí irú májèlé bẹ́ẹ̀ máa ń yòrò nínú ọ̀rá, epo á sì tètè gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ajá tí gìrì mú bá sì fa epo sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà mìíràn nìyẹn.

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ níwèé..."

Bàbá Ṣódípẹ̀, òṣìṣẹ́ àgbà tó ń bá mi di ẹranko mú, dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Dókítà, ajá ò gbọ́ ẹjọ́. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ ná."

Mo gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì dúró. A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, Màmá náà wọ ọ̀kan, a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ léraléra.

"Ṣé ó máa yè é?" Ohùn wọn ti yí padà. "Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi àti òun nìkan la jọ ń gbélé."

Mi ò lè ṣèlérí.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí gìrì náà tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Bọ́bì dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbò yẹ́pẹ́yẹ́pẹ́, ó lá omi díẹ̀, ó sì lọ gbórí lé itan Màmá. Wọ́n gbá a nídìí fẹ́ẹ́rẹ́.

"Aláìmoore! Ṣé o fẹ́ kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ má bú u, mà," ni Bàbá Ṣódípẹ̀ wí. "Aláìsàn ni."

Màmá nu ojú. "Kí ni kí n wá fi lé eégbọn, Dókítà?"

"Ẹ máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mà, kẹ́ ẹ máa jù wọ́n sínú omi ọṣẹ."

"Pẹ̀lú ojú mi yìí?"

"Ẹ lo awò ojú yín."

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo to ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà náà lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ Màmá ò sí níbẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀: pé láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí epo lẹ́nu ajá, tí mò ń bínú, tí n kò sì kìlọ̀ nípa epo tàbí oògùn kòkó fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Láti ìgbà náà, kò sí ajá tí mo fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí n kò kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín pé: "Níbo lẹ ń gbé oògùn kòkòrò yín sí nínú ilé?"