Okùn Pupa tí Mererid Fà

Ẹ̀rù ọkọ̀ ojú irin ń ba Mererid débi pé kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ pàápàá máa ń gbọ̀n. Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e kọjá Rhyd-wen, níbi tí àbúrò rẹ̀ ń gbé, ó di etí òkun. Kò sẹ́ni tó máa tẹ́ irin pẹlẹbẹ sẹ́nu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀. Eyín rẹ̀ gbá ara wọn títí àwọn ẹyẹ òkun fi rò pé wọ́n ń pè wọ́n wá jẹun ni.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Wales yìí, ọkọ̀ kì í dúró ní ibùdó kékeré bíi Rhyd-wen àfi tí èrò bá sọ fún gáàdì tó ń bójú tó èrò, tàbí tí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ bá nawọ́ sí awakọ̀. Bí Mererid ṣe wọlé báyìí, ó di aṣọ gáàdì mú.

"Emlyn, ọmọ mi, Rhyd-wen o."

"Mọ̀ọ́mì, ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó tì yín wọlé."

"Ẹ̀karùn-ún rèé."

Ní ibùdó ńlá tó tẹ̀lé e, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Emlyn lórí pèpéle tí èrò ti ń wọkọ̀, tó ń jẹ búrẹ́dì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ọkọ̀ sì ti ń lọ.

Ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni gáàdì tuntun wà, àárín àga ò sì gba kẹ̀kẹ́ Mererid. Ó figbe ta. Àwọn ará wa, tí orin kì í wọ́n lẹ́nu wọn, rò pé orin ni. Gbogbo èrò ọkọ̀ bá a gbè é, ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀, tobìnrin lókè.

Afárá ti dé. Rhyd-wen ló kàn.

Ó yí kẹ̀kẹ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa okùn pupa tí aláìsàn fi ń pe ìrànlọ́wọ́. Gáàdì sáré dé.

"Mọ̀ọ́mì, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mi ò tíì ṣubú! Rhyd-wen! Jọ̀ọ́, dá a dúró!"

Gáàdì pe awakọ̀ lórí fóònù. Irin ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lókùn. Ẹnu ọ̀nà tó gbẹ̀yìn nìkan ló bá pèpéle, ti Mererid sì ni. Idwal àbúrò rẹ̀ dúró níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò.

"Idwal! Kí ló dé tí o ò nawọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kúkú lọ síbì kankan. Ṣé kí n wá parọ́ fún awakọ̀ ni?"

Nílé Idwal, tíì dà sí Mererid lẹ́sẹ̀, kò wò ó. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí kùrukùru ti bo ọ̀nà irin.

"Tí mo bá ń padà, awakọ̀ ò ní rí mi lórí kẹ̀kẹ́. Ìwọ ni wàá bá mi dá a dúró. Nawọ́ sókè."

"Nínú ilé?"

"Nà á."

Idwal nà á.

"Ó ṣì kéré." Mererid di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tì í sókè.