Okùn Tí Ọlágbénró So Mọ́ Ọkọ̀ Ìbejì

Ní gáràjì Parakou, bí kámíọ̀ bá gbé òwú débi pé ó ń ga ju ilé lọ, Ọlágbénró ni wọ́n ń pè. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ó ga, kò sanra, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun. Yóò fi bááṣì bo ẹrù, yóò gun òkè, yóò fa okùn láti ìhà kan sí ìkejì, yóò wá so ó ní kókó tí olè kankan kò lè tú. Gàní awakọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹrù tí Ọlágbénró bá dì, àáké ni wọ́n fi ń ṣí i bí ó bá dé ọ̀hún. Òun náà a rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kókó yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nínú ọkàn rẹ̀. Okùn tó dẹ̀ ló pa Àkànní, àbúrò rẹ̀. Ẹlòmíràn ló di ẹrù lọ́jọ́ náà. Ìdì òwú kan já bọ́ lójú ọ̀nà, ó bá Àkànní nísàlẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ táyà. Láti ọjọ́ náà, Ọlágbénró kò gba okùn kankan gbọ́ àyàfi èyí tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà ayé kàmáráàdì nìyẹn, tí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ń pe ara wọn ní kàmáráàdì, tí ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu láwùjọ láìkọ́kọ́ kígbe Ehuzu, igbe ìjọba pé nǹkan ti yí padà. Òyìnbó kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi létí odò Ọ̀pàrà, Mùsíyọ̀ Rẹ̀nẹ́ lorúkọ rẹ̀, fi ọkọ̀ ojú irin gbé ọkọ̀ ojú omi kan wá láti Kútọ̀nù. Ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ọkọ̀ náà ní, igi ìdábùú ló so wọ́n pọ̀, àwọ̀n nínà sì wà láàárín tí èèyàn ń jókòó lé. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí omi sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Ìbejì.

Ìgbìmọ̀ ìlú wá pàṣẹ pé lọ́jọ́ ọdún ìjọba, ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, kí Ọkọ̀ Ìbejì kọjá níwájú àwọn èèyàn ńlá pẹ̀lú ìgbòkun pupa. Kì í ṣe ìgbòkun kékeré o. Èyí tí wọ́n ń ta síwájú ọkọ̀ ni, tí afẹ́fẹ́ ń wú bí ikùn aboyún. Òyìnbó bèèrè ẹni tó mọ okùn jù ní Parakou, gbogbo gáràjì sì na ìka sí ẹnì kan ṣoṣo.

Ọmọ́yẹmí ni wọ́n yàn pé kó di àsíá mú nínú ọkọ̀. Ọmọ Ọlágbénró ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun nìkan ló kù nínú ọmọ mẹ́rin. Kò mọ omi wẹ̀. Fúnmiláyọ̀, ìyá rẹ̀, kò lè kọ̀ fún ìgbìmọ̀, ọkọ rẹ̀ ló dojú kọ. “Bàbá Ọmọ́yẹmí,” ló wí, “ẹ̀yin ni mo fà á lé lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe mú un lọ ni kí ẹ mú un padà fún mi.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ta okùn. Okùn kan ń fa ìgbòkun sókè. Méjì ń di igun rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Okùn kọ̀ọ̀kan gba inú púlì kékeré kọjá, ó wá dé ibi irin kan tó ní eyín bíi ti ọ̀nì. Bí o bá tẹ okùn sílẹ̀, irin á bù ú mú. Bí o bá já a sókè, irin á tú u sílẹ̀. Òyìnbó ń sọ, Ọmọ́yẹmí tó kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ń túmọ̀.

“Baba, ó ní ẹ má so ó ní kókó láé. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá le, kíá ni kí a tú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á dojú dé.”

Ọlágbénró wo irin náà. Kò tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé. Ó ní òun ti gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ọyẹ́ ti mú. Òyìnbó lọ pàdé àwọn àlejò, Ọlágbénró nìkan ló wà nídìí ọkọ̀. Ó wo ibi tí Ọmọ́yẹmí máa jókòó, lábẹ́ okùn òsì gan-an. Ó rántí Àkànní. Kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó tán, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é: ó mú ìdí okùn òsì, ó so ó mọ́ igi ìdábùú lẹ́yìn irin, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi àwọ̀n bò ó. Bí irin bá kọ̀, kókó ò ní kọ̀.

Àwọn oníbọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ti Ọlágbénró náà wà lára èyí tí wọ́n gbà.

Wọ́n gbéra. Òyìnbó wà nídìí àjẹ̀, Ọlágbénró nídìí okùn, Ọmọ́yẹmí di àsíá mú. Ìgbòkun pupa wú, èrò pariwo létí omi. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú àga àwọn èèyàn ńlá nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà láti ìlà oòrùn. Ikùn ọkọ̀ kan gbéra kúrò lójú omi, ó ń ròkè. Òyìnbó kígbe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já okùn òsì kúrò lẹ́nu irin. Okùn sáré ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó sì dúró gbagidi.

Òyìnbó wo okùn. Ọlágbénró kò wò ó, ó mọ ohun tó dì í mú.

Ó na ọwọ́ sí kókó, kókó ti le bí òkúta. Ọkọ̀ túbọ̀ ń dà. Àsíá bọ́ sómi, Ọmọ́yẹmí fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ àwọ̀n. Kò sí ọ̀bẹ. Kókó tí ìgbòkun ń fà kò ṣeé tú, àyàfi kí nǹkan mìíràn kọ́kọ́ gba ìfà náà. Ó bá ki okùn mọ́lẹ̀ níwájú irin, ó wé e mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi, ó sì fa gbogbo ikùn ìgbòkun náà sára.

“Yẹmí, kókó mi ni. Ó wà lábẹ́ àwọ̀n. Tú u.”

Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ tú okùn ní gáràjì. Ó rá wá, ó ti àtàńpàkò bọ inú kókó. Ẹ̀ẹ̀kan. Okùn ń jẹ ẹran ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Omi ti dé itan òyìnbó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta tú, Ọlágbénró la ọwọ́, okùn fò lọ, ó bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbòkun fì bí aṣọ sísá. Ọkọ̀ jábọ́ sójú omi, gbì, ó dúró.

Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ létí omi. Wọ́n rò pé eré ni.

Òyìnbó mú ìdí okùn, ó rí ibi tí kókó ti tẹ̀ ẹ́. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti sọ èèyàn di ọ̀tá ìjọba. Ọlágbénró wí pé, “Sọ fún un pé èmi ni mo so ó.”

Ọmọ́yẹmí wo bàbá rẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí délégé, aṣojú ìjọba ní ìlú, wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Nílé, ní Banikanni, Fúnmiláyọ̀ ń fi òrí pa ọwọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Fúnmiláyọ̀ ń pa òrí lọ, ó ń wo Ọmọ́yẹmí tó ń gbálẹ̀.

Ó lé ní oṣù kan kí Ọlágbénró tó tún di ẹrù. Kámíọ̀ Gàní ni. Gàní yí i po, ó fọwọ́ kan okùn níbi gbogbo, ó rí ìdí okùn kan tó rọ̀ sílẹ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, o ò so ó tán.”

“Mo so ó tán, èyí tó ṣeé tú kíá ni. Fà á wò.”

Gàní fà á lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo okùn tú, bááṣì ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn aláàárù bú sẹ́rìn-ín, Gàní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè pé ta ni yóò bá òun ṣọ́ olè báyìí lójú ọ̀nà. Ọlágbénró ti fi ọwọ́ òsì di ẹ̀gbẹ́ kámíọ̀ mú, ó ń gun òkè lọ láti tún un dì.