Àga Mi ní Ilé Ìkàwé Parakou

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà. Mo ti lo oṣù mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá tí wọ́n ní kó kọ́ mi níṣẹ́ ní ilé ìkàwé Parakou. Lójú ara mi, mo ti mọ iṣẹ́ náà tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá oníṣòwò kan wá láti àdúgbò Albarika. Ó ń wá ìwé tó sọ nípa kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Mo ní, “Bàbá, àwọn tó mọ̀wé là ń yá níwèé.” Ó rọra jáde.

Ọ̀gá mi ń nu pẹpẹ ìwé lẹ́yìn mi. Ó ju àkísà sílẹ̀, ó sáré bọ́ sínú oòrùn, àgbà bíi tirẹ̀! Ó fa bàbá náà lọ́wọ́ wọlé, ó fi í jókòó sórí àga mi, ó mú ìwé kan nípa kòkòrò ẹ̀pà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò bá mi wí rárá. Orí ìdúró ni mo ti ń kà á fún bàbá náà, tí mò ń túmọ̀ Faransé sí Yorùbá títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Bàbá yíjú sí ọ̀gá mi. “Ẹ ṣeun o. Ọmọ yín yìí mọṣẹ́.”

“Òní ló bẹ̀rẹ̀,” ọ̀gá mi dáhùn.