Àpólò Tí Mo Fi Ata Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi, mo sì ti pinnu pé n óò sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an lẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín o, mo ti fọwọ́ sí i.

Ẹ mọ̀ pé Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Òṣogbo níbí la sì ń gbé. Bàbá Dáre, ọkọ mi, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ọmọ Ìwàrà ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ wa wà ní iléèwé tí wọ́n ń gbé, nítorí náà àwa méjèèjì la sábà máa ń wà nílé. Màámi, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ṣì wà ní Ìwàrà, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó oko kòkó tí bàbá fi sílẹ̀.

N ò ní purọ́ fún yín, èyí tí mo ti pa ti tó mi. Mo fẹ́ràn Màámi, ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti wà nílé, ẹ̀rù wọn máa ń bà mí. Kí ló fà á? Màámi kò lè rí àlejò kí wọ́n má sọ ìtàn iyán àkọ́kọ́ tí mo gún nílé ọkọ. Wọ́n á ní kókó inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ńṣe ni bàbá ọkọ mi ń wá iyán láàárín kókó. Ẹ sì mọ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú iyán. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún! Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú èdè Ìjẹ̀ṣà wọn tó ń pe iṣu ní "uṣu", tó ń pe ilé ní "ulé", àwọn àlejò á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ilẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wa ni. Ilé mi ni ìpàdé àkọ́kọ́, ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti ra kọ́tìnnì tuntun. Mo tilẹ̀ ti ń kọ́ bí n óò ṣe máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí olórí. Bí Màámi ṣe pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nìyẹn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la wá kí wa, àwọn á wà lọ́dọ̀ wa títí di Sátidé.

Mo ro ti kọ́tìnnì tuntun, mo ro ti àwọn obìnrin ìjọ, mo ro ti iyán oníkókó. Kí n tó mọ ohun tí mò ń wí, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má wá, pé èmi àti Bàbá Dáre ló ní àpólò, ojú wa ti pọ́n bí ẹyin iná, kó má lọ ràn wọ́n.

Wọ́n ní, "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n sì pa fóònù.

Mo mí kanlẹ̀. Mo dìde, mo tún kọ́tìnnì mi fà kó lè gún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje kò tíì lù, mo ń múra ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́nu géètì: "Ẹ kú ulé o." Mo yọjú lójú fèrèsé. Màámi ni, báàgì ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ewé oríṣiríṣi nínú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó kúrò ní Ìwàrà ni wọ́n wọ̀ dé Iléṣà, wọ́n sì wọ òmíràn dé ọ̀dọ̀ wa. Àìsàn tí mo fi ní kí wọ́n má wá, òun gan-an ló gbé wọn wá.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹni tó gbọ́n á jáde síta, á jẹ́wọ́. Èmi sáré wọ ilé ìdáná. Ata rodo tí mo lọ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀ Sátidé wà nínú bílẹ́ńdà. Mo rò ó pé tí mo bá fi ìka kan ata yẹn díẹ̀, tí mo sì fi ra abẹ́ ojú díẹ̀, ojú á pọ́n díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ata kò mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀.

Igbe tí mo ké ló gbé Bàbá Dáre jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ìhó ọṣẹ ìfọyín lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ náà sì wọlé. Màámi dì mí mú, wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní ojú tirẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti san? Mo na ẹsẹ̀ láti tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ kó lè gbè mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran kò yẹ kó máa tẹ ènìyàn: ẹsẹ̀ Màámi ni mo tẹ̀.

Bàbá Dáre ní, "Ojú tèmi ò dùn mí, Mà." Òtítọ́ ni, ẹ ò rí i? Nígbà tó ku àwa méjèèjì, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ẹnu tí mo fi dì í ni kí n fi tú u, kí n má kó òun mọ́ ọn.

Mi ò lè lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, Màámi á se omi, á jẹ́ kó tutù, á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, á fi òwú funfun rẹ ojú mi bí ẹni ń wẹ ọmọ titun. Wọn kò lo ewé kankan nínú èyí tí wọ́n kó wá. Mo rò ó pé wọ́n gbàgbé ni.

Nígbà tí a fẹ́ sùn, wọ́n ní kí n gbàdúrà fún wa. Èmi olórí ẹgbẹ́ àdúrà. Mo ní, "Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run." Ọ̀rọ̀ tán. Mo tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kò wá. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tó sì sá lọ fara pamọ́ kí onílé má baà yọjú. Màámi ló bá mi parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, Màámi ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù wọn dún. Mo gbé e. Akọ̀wé ìjọ wọn ní Ìwàrà ni. Ó ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé ìjọ ti fi ẹlòmíràn ṣe Ìyá Ìkórè ti ọ̀túnla, ìyẹn Sọ́ńdè tó ń bọ̀, bí Màmá ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n inú àwọn kò dùn rárá, nítorí ọdún mẹ́rìnlá ni Màmá fi ń retí kó kàn wọ́n, wọ́n sì ti rán aṣọ. Ó ní kí Ọlọ́run wo ojú ìyàwó wọn sàn.

Mo sọ fóònù kalẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá. Nítorí kọ́tìnnì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí n óò ṣe tún un ṣe láìjẹ́wọ́. Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Mo fọ gbogbo aṣọ tó wà nínú báàgì Màámi, títí kan èyí tó mọ́. Nígbà tí mo wá sá wọn tán, mo ní ojú mi ti san pátápátá, kí wọ́n máa lọ sí Ìwàrà kí Ìkórè lè bá wọn nílé.

Wọ́n ní, "Ìka mélòó ni mo nà sókè yìí?"

Mo ní, "Mẹ́ta, Mà."

Wọ́n ní, "Mi ò na ìka kankan. Jókòó."

Nígbà tó di Sátidé, àwọn obìnrin ìjọ dé, àwọn mẹ́jọ. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ní kí wọ́n má sún mọ́ mi jù, ojú ń dùn mí. Màmá Fèyí, tó tún jẹ́ aṣọ́nà nínú ìjọ wa, ní àfi kí àwọn bá àpólò náà wí. Ohùn Màmá Fèyí kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n yí mi ká láti ọ̀ọ́kán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí, wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀mí àpólò kó kó ẹrù rẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Ṣé ẹ ti ṣe àmín sí àdúrà tí ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n ń bá wí níbẹ̀ àfi ẹ̀yin? Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí olórí wa fi àdúrà parí. Mo la ẹnu, ẹkún ló jáde. Wọ́n ní ẹ ò rí i, omi àìsàn náà ló ń jáde yẹn, ògo fún Ọlọ́run.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé ní gbogbo ìpàdé yẹn, Màámi kò sọ ìtàn iyán. Wọ́n kàn ń gbé omi fún àwọn ènìyàn mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màámi lọ jókòó sílé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kọ́tìnnì, iyán, irọ́ orí fóònù, ata. Mo ní mo mọ̀ nípa Ìkórè. Mi ò lè wojú wọn, mi ò tilẹ̀ ní ojú tí mo fẹ́ fi wò wọ́n.

Wọn kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Láti ìgbà wo, Mà?"

"Láti ìgbà tí mo wọlé. Ọmọ méje ni mo tọ́, ìyàwó mi. Àpólò kì í rùn bí ọbẹ̀."

Ó di ìgbà yẹn kí n tó mọ ìdí tí wọn kò fi lo ewé. Mo béèrè pé tí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi dúró, kí ló dé tí wọ́n fi gbé Ìkórè ọdún mẹ́rìnlá fún ẹlòmíràn nítorí irọ́?

Wọ́n gbé ojú sókè. "Irọ́ ni àpólò. Ṣé irọ́ ni ìrora náà? Ojú ń ta ọ́, o ò sì ríran. Irọ́ ni kí n wá tọ́jú ni, àbí ojú?"

Mo ní kí ni kí n wá ṣe tí n óò fi san án padà. Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi fún àlejò. Wọ́n ní kí ni mo ní nílé yìí tó tó san ọdún mẹ́rìnlá, ṣé aṣọ mímọ́ tí mo tún fọ̀ ni? Wọ́n ní kí n dìde kí n lọ jẹun, ààwẹ̀ tí mo ń gbà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ebi ló ń pa mí.

Mo jẹun. Ẹ̀yin ará, mo jẹun gidi.

Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ tí à ń jẹ Oúnjẹ Olúwa ní ìjọ wa ni. Nígbà tó kan ìlà wa, gbogbo ènìyàn dìde, èmi jókòó. Mo sọ fún Màámi létí pé mi ò yẹ. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé torí mo yẹ ni wọ́n ṣe pè mí? Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a jọ ń lọ.

Ta ló dúró lójú ọ̀nà? Màmá Fèyí, nínú aṣọ aṣọ́nà. Ó na ọwọ́ dí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n forí ji òun, ife kan náà ni gbogbo wa ń mu, àpólò mi lè ran ọ̀pọ̀.

Màámi fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ṣùgbọ́n etí Màámi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn akọrin náà á gbọ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe àpólò. Ata rodo ni. Èmi ni mo mú ìyàwó mi wá."

Ẹnìkan nínú àwọn akọrin húkọ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́. Màmá Fèyí wo ojú mi, ó wo ọwọ́ tí Màámi fi dì mí mú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kọjá. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, àdúrà tí kò wá láti Ọjọ́bọ̀ jáde lẹ́nu mi. Kò gùn. Mo kàn sọ fún Ọlọ́run pé èmi rèé.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Mo ti ń wàásù fún àwọn ẹlòmíràn pé nígbà tí Jésù kú, aṣọ ìkélé tẹ́mpìlì ya sí méjì látòkè délẹ̀, pé ọ̀nà ti là. Síbẹ̀ nígbà tí èmi ṣẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo ń wá kiri láti rán an padà: ààwẹ̀ níhìn-ín, aṣọ fífọ̀ lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dára ná kí n tó wọlé. Ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn? Kristi kò dúró dè é. Ó mọ irọ́ wa, ó sì wá, nítorí ìrora wa kì í ṣe irọ́. Ohun tó ná an kò kéré, a kò sì lè san án. Tí wọ́n bá bi wá lẹ́nu ọ̀nà pé ta ló ní ká wá, Òun ni yóò dáhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ gbé pamọ́ tí kò jẹ́ kí ẹ lè gbàdúrà? Ta ló ti ṣe yín lóore tí ẹ mọ̀ pé kò tọ́ sí yín? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí kí àwa náà kà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá ọkọ yín lọ̀rọ̀ kàn, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù ná, kí ẹ sì sọ òtítọ́.