Ẹ̀gún Ọsàn Lára Máàpù Ogun

Ẹ bá mi yin ọkùnrin tó kàwé, tí gbólóhùn "n kò mọ̀" kò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Iyì rẹ̀ ga ju òkè Ẹ̀fọ̀n lọ. Ẹ bi í léèrè ìdí tí òjò fi pẹ́, yóò sọ. Ẹ bi í bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń balẹ̀ nínú kùrukùru, yóò sọ, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é kí ẹ lè rí i. Bí kò bá sí àǹfààní mìíràn lára ilé-ìwé tí àwọn ìjọ kọ́ sí ìlú wa, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fún wa tó ọpẹ́.

Ní Aramọkọ, ọ̀gá ilé-ìwé wa ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ó yọ máàpù Nàìjíríà kúrò ní kíláàsì, ó kàn án mọ́ ògiri iwájú ilé rẹ̀, lẹ́bàá igi furúùtù tí a máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ̀gún jọ lára igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Ìlú tí rédíò bá ní ìjọba gbà, ẹ̀gún kan wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gún bá wọlé, yóò kọjú sí àwa tó wà lórí bẹ́ǹṣì, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò ní:

"Ẹ sàmì sí òní. Òní ni ogun yí padà."

Ogun náà yí padà nígbà mẹ́fà kí ìsinmi mi tó parí. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, mo sì rò pé nítorí ẹ̀rín mi ni Ọlọ́run ṣe dá ọ̀gá tíṣà. Bí a bá ń jẹun, n ó máa sín in jẹ fún bàbá mi. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí òkèlè á fi fẹ́ há a lọ́fun, lẹ́yìn náà á wá bá mi wí: "Fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ o. Òun ló kọ́ ọ ní a, b, d."

Ìgbà kan ṣoṣo ni ojú èmi náà rí i pé ogun fẹ́ yí padà ní tòótọ́. Àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba Bìní, wọ́n dé Òrè. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ní ọkọ̀ ogun kankan kò lè gun òkè àwọn. Àwọn awakọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé lọ́rì kòkó pàápàá ń gùn ún. Ọ̀gá tíṣà ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò pé kò séwu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó sátífíkéètì rẹ̀ sínú páànù bísíkíìtì, ó gba ọ̀nà oko lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba lé àwọn Bìáfírà padà ní Òrè ló tó wọ̀lú, pẹ̀lú ewé kòkó gbígbẹ lórí fìlà.

"Ṣé mi ò sọ fún yín?" ló wí, ó sì wá ẹ̀gún.

Ẹnì kan wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tí kì í rẹ́rìn-ín. Opó kan ni ní àdúgbò wa, oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń mójú tó. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wọṣẹ́ ológun ní Ìbàdàn. Lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn wá láti Aṣábà, létí odò Ọya. Ó ní àwọn fẹ́ sọdá, kí màmá má fòyà. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo tún wá sílé ní Disẹ́mbà, orí bẹ́ǹṣì ni mo bá a, iṣu méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ulé o. Uṣu yín rèé. Níbo lọmọ mi wà lónìí?"

Ọ̀gá tíṣà na pàṣán rẹ̀ sí ẹ̀gún kan. "Ibí nìyí, màmá. Ara rẹ̀ le."

Màmá dìde, ó fi ìka kan ẹ̀gún náà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ṣì gbóná.

"Ṣé ọyẹ́ ibẹ̀ le tó tiwa?"

"Kò tó o."

"Ṣé wọ́n ń rí iyán jẹ?"

"Bí ìjọba ṣe ń bọ́ wọn, ẹ̀yin kò bọ́ mi tó bẹ́ẹ̀!" Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí n tó dé. Ó gbé àgbébọ̀ adìyẹ mọ́ra, ó jó lọ síwájú pẹpẹ, nítorí ẹ̀gún ọsàn.

Kì í ṣe ìròyìn lásán ni màmá ń wá kiri. Ọmọ rẹ̀ ní àfẹ́sọ́nà ní Ìpótì, àwọn òbí ọmọbìnrin náà sì ti ránṣẹ́ pé ẹlòmíràn ń béèrè rẹ̀. Wọ́n ní bí ọkọ rẹ̀ bá wà láàyè, àwọn á dúró, ṣùgbọ́n àwọn kò lè fi ọmọ àwọn dúró de òkú. Kí màmá wá kó tó di Kérésìmesì, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́.

Lọ́sẹ̀ náà la gbọ́ pé sójà kan ti padà sí Ìjerò láti Aṣábà, ó sì ti fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀ sójú ogun. Màmá ní òun gbọ́dọ̀ rí i. Bàbá mi ní kí n sìn ín lọ. Orí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá a, ìyá rẹ̀ ń bó ọsàn fún un.

"Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà lèmi àti ọmọ yín wà, ìyá mi," ni sójà náà wí. "Ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ kọ́ ni mo wọ̀. Ìbọn ń dún láti òdìkejì."

"O rí i pé ó kú?"

"Mi ò rí i."

"O wá rí i láàyè?"

"Mi ò mọ̀, ìyá mi. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀."

Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ogun fún wa, òun nìkan ló ti dé ojú ogun. Òun nìkan náà ló ní òun kò mọ̀.

Ìròyìn sójà náà ti ṣáájú wa dé Aramọkọ. Nígbà tí a dé iwájú ilé ọ̀gá tíṣà, kò sí máàpù lára ògiri mọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní awò ojú òun ti fọ́, òun kò lè ka máàpù títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ojú rẹ̀ náà ni awò náà wà bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti fèrèsé.

Màmá dúró, ó ń wo àwọn ihò tí ẹ̀gún dá sára ògiri amọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó fi oríkì mi pè mí, ó wá ní:

"Akọ́wé, ìwé tìrẹ ju tirẹ̀ lọ. Ọ̀la ni mò ń lọ Ìpótì. Ọmọ mi ńkọ́?"

Ohun tí sójà sọ létí rẹ̀ náà ló sọ létí mi. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ, sójà sì ti sọ ọ́ ṣáájú mi. Ṣùgbọ́n màmá ń wò mí bí bẹ́ǹṣì ṣe máa ń wo ọ̀gá tíṣà, inú mi sì dùn sí i. Mo na ìka sáàárín àwọn ihò náà, sí apá ìlà-oòrùn ibi tí odò Ọya ti máa ń wà.

"Ibí làwọn tó sọdá wà," mo wí. "Lẹ́tà ni kò ráyè sọdá padà. Ó wà láàyè, màmá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí ọmọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta jù lọ.

Ó lọ sí Ìpótì. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, nítorí ó ní ọmọ yunifásítì ló sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà dúró títí ogun fi parí, ó sì tún dúró ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ màmá kò dé. Màmá kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Bí ó bá gbọ́ pé mo wálé, yóò gbé iṣu méjì wá sílé bàbá mi. "Uṣu rẹ rèé," ni yóò wí, yóò sì máa lọ.

Mo ti sọ ìtàn ọ̀gá tíṣà àti ẹ̀gún rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Orí fèrèsé tó tì ni mo máa ń parí rẹ̀ sí, n kì í sọ ìyókù. Ohun tí ọ̀gá tíṣà ṣe, èmi náà ṣe é. N kò mọ ibi tí ọmọ náà wà, mo sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo mọ̀.